Akólòlò Ni Mí, Èmi Náà Ni Mo Kọ́ Wọn

Ògo! Ògo! Ògo fún Ọlọ́run alààyè! Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ọjọ́ tí màá dúró síbí yìí. Ògo fún Ọlọ́run!

Orúkọ mi ni Bùkọ́lá. Èmi ni ọmọ kejì Màmá Adéọtí tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ rélùwéè ló gbé bàbá bàbá mi wá sí Jos láti Iléṣà, a ò sì padà mọ́. Inú ṣọ́ọ̀ṣì yìí ni wọ́n ti sọ mí lórúkọ. Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí, ẹ sì mọ̀ pé akólòlò ni mí. Nítorí náà, kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Bí mo bá dúró lórí ọ̀rọ̀ kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi parí rẹ̀. Ẹ ní sùúrù. Ó ń bọ̀. Èmi fúnra mi ni màá sọ ọ́.

Mo rí i pé àwọn kan ti ń múra láti pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé mo fẹ́ sọ pé Ọlọ́run ti tú ahọ́n mi. Ẹ dúró ná. Ẹ̀rí mi kọ́ nìyẹn.

Láti kékeré ni lẹ́tà B ti ń bá mi jà. Mo máa fẹ́ pe orúkọ ara mi, kò ní jáde. Nígbà tí a ṣì ń gbé ní Angwan Rogo, kí wàhálà tó mú wa kó lọ sí Lamingo, bí àwọn ọmọ Hausa bá bi mí pé, "Yaya sunanki?" pé kí ni orúkọ mi, Ladi ni mo máa ń dá wọn lóhùn. Ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n bí mi, Ladi sì ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin tí wọ́n bá bí lọ́jọ́ náà. Ladi máa ń jáde lẹ́nu mi geere. Báyìí ni mo ṣe di Ladi ní ilé-ìwé, tí mo di Ladi níbi iṣẹ́. Mo fi orúkọ tí bàbá mi sọ mí pamọ́ nítorí ẹ̀rín àwọn èèyàn.

Wọ́n gbàdúrà fún mi. Ẹ ṣeun, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ gbàdúrà. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n ní ẹ̀mí kan ló di ahọ́n mi mú, wọ́n ní kí n jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe. Kí ni mo ṣe? Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà tó bẹ̀rẹ̀! Màmá mi gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà yẹ ẹnu mi wò, ó yẹ ọ̀nà ọ̀fun mi wò, ó ní, "Màmá, kò sí ohun tó ṣe ahọ́n ọmọ yìí. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ó lè dín kù, ó sì lè má dín kù. Ẹ má ṣáà jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kó dákẹ́." Ẹ gbọ́ o! Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kó dákẹ́! Ọlọ́run, o ṣeun fún dókítà yẹn.

Mo kàwé. Mo gboyè nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Mo ríṣẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fún wọn, n kò bá ẹnikẹ́ni fa wàhálà. Nígbà tó wá di pé lemọ́lemọ́ ni wọ́n ń kéde kónílé-ó-gbélé nílùú yìí, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò lè wá sí kíláàsì, àwọn aláṣẹ ní kí ẹ̀kọ́ bọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ra pọ́tà kan. Inú pọ́tà yìí ni olùkọ́ máa ń kó ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí, ibẹ̀ ló ti máa ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè, ibẹ̀ náà ló ti máa ń fún wọn ní máàkì. Wọ́n ní olùkọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá tíì sí nínú pọ́tà kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, àwọn máa gba kọ́ọ̀sì lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò sì ní jókòó ṣèdánwò.

Èmi ni wọ́n yàn láti fi ọ̀nà inú pọ́tà han àwọn olùkọ́. Inú mi dùn! Mo ti wọ gbogbo kọ̀rọ̀ pọ́tà yẹn, mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ yàrá mi.

Ọjọ́ pé. Mo dúró níwájú àwọn olùkọ́ tó kún gbọ̀ngàn. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju "Bọ́tìnnì àkọ́kọ́ nìyí" lọ. B! B ni mo pàdé lẹ́nu ọ̀nà! Ètè mi pa dé, kò ṣí mọ́. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Dáírẹ́kítọ̀ ẹ̀ka wa, tí òun náà ní kọ́ọ̀sì kan tó ń kọ́, dìde, ó gba máìkì lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ladi, go sit down. Abeg, who fit talk for here?" Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Mo lọ jókòó.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n fún mi ní lẹ́tà. Wọ́n ní iṣẹ́ náà ń fẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ já gaara lẹ́nu rẹ̀, nítorí náà kí n lọ máa tọ́jú sítọ̀. Sítọ̀! Yàrá kan lẹ́yìn ilé ìdáná, tí wọ́n ń kó ṣọ́ọ̀kì, ìgbálẹ̀ àti àga tó ti kán sí.

Mo sunkún délé. Mo ní màá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Màmá mi ń bó pòtétò lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní, "Kí wọ́n lé ẹ, kí ìwọ náà tún bá wọn lé ara rẹ? Lọ sí sítọ̀ wọn. Jókòó síbẹ̀, kí wọ́n máa rí ẹ."

Mo lọ. Ìbínú ni mo fi lọ, n kò purọ́. Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé mi lọ ni mo ti gbàdúrà. Mo ní, "Bàbá, Ìwọ lo dá ẹnu yìí. Bí wọ́n bá ní ẹjọ́ kan láti rò nípa rẹ̀, kí wọ́n wá bá Ọ rò ó." Ẹ má bínú, bí mo ṣe gbàdúrà lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ó sì gbọ́! Mo ní Ó gbọ́!

Wọ́n lọ mú ọkùnrin kan wá láti Abuja. Ọ̀rọ̀ ń tú lẹ́nu ọkùnrin yẹn bí omi ẹ̀rọ. Ọjọ́ méjì ló fi sọ̀rọ̀, ó gba ọkọ̀ lọ. Àwọn olùkọ́ sì wà níbi tí wọ́n wà. Àwọn kan kò rántí páswọọdù. Ẹnì kan gbé ìbéèrè ìdánwò síta pẹ̀lú ìdáhùn rẹ̀, gbogbo kíláàsì rí i. Èmi ń to ṣọ́ọ̀kì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn sítọ̀. Malam Dauda ni. Olùkọ́ àgbà ni, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa egungun àti iṣan ara. Mùsùlùmí ni, ẹ̀yin ará, Ọlọ́run ló sì rán an sí mi. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sínú báàgì ìrẹsì. Ó ní, "Ladi, don Allah, ki taimaka min." Ó ń bẹ̀ mí kí n ran òun lọ́wọ́. Gbogbo ìwé ẹ̀kọ́ tí ọmọ rẹ̀ bá a tẹ̀ fún oṣù méjì, ó fẹ́ ṣí i nínú pọ́tà, ó sì pa á rẹ́.

Mo wo ibi tí pọ́tà máa ń kó ohun tí èèyàn bá pa rẹ́ sí. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀! Mo ní kó tẹ ibì kan báyìí. Ó tẹ̀ ẹ́. Ìwé rẹ̀ padà wá. Bàbá náà di orí mú. "Kai! Kai! Ladi!"

N kò jẹ́ kó lọ. Mo ní kó jókòó sórí àga tó ṣì lágbára, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. N kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà, ọwọ́ tirẹ̀ ló ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ ń há mi lẹ́nu bó ṣe máa ń há. Kò sọ pé kí n yára. Bí mo bá dúró, òun náà á máa fi ojú wá bọ́tìnnì tí mo fẹ́ dárúkọ, nígbà míì á ti rí i kí ọ̀rọ̀ mi tó dé. Lọ́jọ́ kẹta, òun fúnra rẹ̀ gbé ẹ̀kọ́ sórí pọ́tà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ó wò mí, ó ní, "Ọkùnrin tó wá láti Abuja ń sọ̀rọ̀ lọ, èmi ń wá ibi tó wà. Ìwọ máa ń dúró. Bí o bá ti dúró, mo máa ń ráyè mọ ibi tí mo wà." Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Orúkọ wo ni bàbá rẹ sọ ẹ́?" Ó pẹ́ kí n tó lè sọ ọ́. Bàbá náà jókòó jẹ́ẹ́, kò bá mi wá a. Nígbà tí orúkọ náà jáde, ó dúpẹ́, ó ní, "Na gode, Bùkọ́lá." Ọdún mẹ́fà! Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni máa pe orúkọ mi níbi iṣẹ́ yẹn. Ẹ bá mi dúpẹ́!

Malam Dauda kò pa á mọ́ra. Àwọn olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá, lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ní méjì-méjì. Ìyá tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ agbẹ̀bí wá. Ẹni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kìíní wá, kò lè wò mí lójú. Mo ní, "Ẹ jókòó, mà." Mo kọ́ ọ. Wọ́n ń tò sẹ́nu ọ̀nà sítọ̀ bí ẹni tó fẹ́ rí dókítà.

Dáírẹ́kítọ̀ kọjá, ó rí wọn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, kúẹ́rì ti dé ọwọ́ mi. Ta ló yọ̀ǹda fún mi kí n máa ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ mi? Kí n buwọ́ lu ìwé àforíjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí n wá fojú hàn níwájú ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ Fúráìdè, kí n sọ ìdí tí wọn kò fi ní dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí láti Ìbàdàn. Ó ní, "Bùkọ́lá, tọrọ àforíjì, jọ̀ọ́. Ìwé lásán ni, buwọ́ lù ú." Mo ní rárá. Ó ní, "Wọ́n á lé ẹ o!" Mo ní kí wọ́n lé mi. Ohun tí n kò ṣe, n kò ní tọrọ àforíjì lé e lórí.

Fúráìdè dé. Akọ̀wé àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ló jókòó láàárín. Dáírẹ́kítọ̀ jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Akọ̀wé àgbà ní, "Kí lo ní í sọ?"

Mo la ẹnu. "Mo f... mo f..."

Dáírẹ́kítọ̀ já a gbà. "Ó fẹ́ tọrọ àforíjì ni, mà."

"Rárá!" Ẹ̀yin ará, rárá yẹn jáde láìfara kan ibì kankan! Gbogbo wọn gbé orí sókè.

Akọ̀wé àgbà yíjú sí dáírẹ́kítọ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀." Ó ká ọwọ́ mọ́ra, ó dúró dè mí. Mo sì lo gbogbo àkókò tí ọ̀rọ̀ mi fẹ́. Mo ní, "Mo fẹ́ kí ẹ ṣí pọ́tà."

Wọ́n ṣí i. Orúkọ kọ́ọ̀sì gbogbo wà níbẹ̀, èyí tó ti parí àti èyí tó ṣófo. Mo ní kí wọ́n ka àwọn tó ti parí. Malam Dauda. Ìyá agbẹ̀bí. Wọ́n ń kà á lọ. Mo ní, "Gbogbo wọn, sítọ̀ ni mo ti kọ́ wọn." Akọ̀wé àgbà fi ìka tọ orúkọ wálẹ̀, ó dúró lórí ọ̀kan tó ṣófo pátápátá. Ó ní, "Dáírẹ́kítọ̀, ṣé kì í ṣe kọ́ọ̀sì yín nìyí?" Ọkùnrin náà ní òun kò tíì ráyè ni. Obìnrin náà ní, "Ìdánwò ku ọjọ́ mẹ́wàá."

Mo yíjú sí dáírẹ́kítọ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ wá sí sítọ̀. Aago mẹ́jọ ni mo máa ń ṣílẹ̀kùn."

Halelúyà! Ẹ jẹ́ kó rinlẹ̀! Halelúyà!

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n fagi lé kúẹ́rì náà, wọ́n dá mi padà sẹ́nu iṣẹ́ mi. Mo ní ó kù díẹ̀. Mo ní kí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn yẹn fún mi, nítorí níwájú gbogbo èèyàn ni wọ́n ti gba máìkì lọ́wọ́ mi. Wọ́n ṣí i. Mo dúró síbi tí mo dúró sí tẹ́lẹ̀. B ti ń dúró dè mí níbẹ̀. Mo dúró, wọ́n dúró. "Bọ́tìnnì àkọ́kọ́ nìyí." Ó jáde! A sì bá a lọ títí di ìrọ̀lẹ́. Dáírẹ́kítọ̀ jókòó sí ìlà kẹta, ó ń kọ̀wé sílẹ̀. Nígbà tí ìdánwò dé, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan tó jókòó sílé nítorí pé olùkọ́ rẹ̀ kò mọ ọ̀nà pọ́tà. Ta ló ṣe é? Ọlọ́run ni!

Mo dúpẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí n buwọ́ lùwé àforíjì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá mi. Mo dúpẹ́ fún Malam Dauda, kí Ọlọ́run fún un ní ẹ̀mí gígùn.

Mo ṣì ń kólòlò. Ẹ ti gbọ́ ọ fúnra yín láàárọ̀ yìí. Bí Ọlọ́run bá fẹ́ mú un kúrò lọ́la, màá yìn Ín. Bí kò bá mú un kúrò, ẹnu yìí náà ni màá fi yìn Ín. Ìwọ tí wọ́n ní kó o lọ jókòó nítorí bí Ọlọ́run ṣe dá ẹ, dìde. Bí wọ́n bá gbé ẹ lọ sẹ́yìn ilé, ṣiṣẹ́ rẹ níbẹ̀. Má sọ pé o jẹ̀bi nígbà tí o kò jẹ̀bi. Bí ọ̀rọ̀ rẹ bá pẹ́ lẹ́nu, sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi yin Ọlọ́run mi, ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ láràárọ̀, tí kò wo aago rí.