Onílẹ̀ Tí Mo Gbé Ọkọ́ Fún

Ẹ jẹ́ kí n kúnlẹ̀ fún Ọlọ́run ná, kí n tó nàró bá ẹ̀yin ènìyàn sọ̀rọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọba tó mú wa lọ, tó tún mú wa bọ̀, tó sì jẹ́ kí orúnkún mi méjèèjì ṣì lè kan ilẹ̀ kí ó sì tún gbéra. Bàbá Àlùfáà ti ní kí n má pẹ́. Màá gbìyànjú. Ẹ̀yin akọrin tí ẹ ti ń ṣí ìwé orin, ẹ pa á dé ná.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, èmi ni Ìyá Dúpẹ́. Ìsọlọ̀ níbí ni wọ́n bí mi sí, ibí ni mo ti kàwé dé Sítáńdáàdì Síìsì, tí mo fi ń yọ gbogbo yín lẹ́nu. Bàbá Dúpẹ́, ọkọ mi, ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó yẹn. Ilẹ̀ ló ń wò, nítorí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun náà ń bọ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti wà ní Góòlù Kóòsì, tí wọ́n ń pè ní Gánà báyìí. Abọ́ tánganran ni ọkọ mi ń tà, ó ń gbé e láti ìletò dé ìletò.

Ibì kan wà lójú ọ̀nà Kùmásí tí òkè ti ga, tí lọ́rì kì í fẹ́ gùn. Bí lọ́rì bá dé ibẹ̀, ẹ́ńjìnnì á gbóná, dírẹ́bà á ní kí gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ilẹ̀ bá ṣú bá níbẹ̀, abẹ́ lọ́rì ni yóò sùn, àti ọkùnrin àti obìnrin, àti ewúrẹ́. Ọkọ mi sùn síbẹ̀ títí ó fi sú u. Ó wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó rí ilẹ̀ gbalasa kan tó ti di igbó. Oko kòkó ni tẹ́lẹ̀. Àrùn ló mú igi náà, ìjọba gé gbogbo rẹ̀ lulẹ̀, inú bàbá tó ni oko bàjẹ́, kò sì padà débẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń dáko ní Òkóta, ẹ ò tíì rí igbó.

Ọkọ mi lọ bá bàbá náà. Nánà ni wọ́n ń pe àgbà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ṣe ń pè é. Nánà ní kí ó máa kọ́lé síbẹ̀, kí ó máa gbé ibẹ̀, kí ó ṣáà máa gbé ìgò ọtí kan wá fún ẹbí lọ́dọọdún nígbà ọdún iṣu, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ilẹ̀ náà ṣì ní olówó orí. Ìgò kan péré ni. Ìyá Ìjọ, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, àwa kọ́ la mu ún.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Bàbá Múfù, ló wà lẹ́yìn yẹn, wọ́n ti mọ́ṣáláṣí wá bá wa dúpẹ́ lónìí. Ẹ kú ìjókòó, sà. Nígbà tí ìròyìn kàn wọ́n, wọ́n fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa. Wọ́n ní a fi igbó bàbá wa sílẹ̀ ní Òkóta, a wọ lọ́rì ọjọ́ méjì lọ ṣán igbó bàbá ẹlòmíì. Ọ̀rọ̀ wọn dùn mí, nítorí pé òótọ́ ni.

A ṣán an. Kùkùté kòkó tí a hú níbẹ̀, ejò tí a pa níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n má kà á. A mọ ilé alámọ̀, yàrá mẹ́jọ, mẹ́rin kọjú sí mẹ́rin, a fi páànù bò ó. A gbẹ́ kànga. Yàrá kan ni tiwa, yòókù jẹ́ ti èrò ọ̀nà. Ọkọ mi ra bẹ́ẹ̀dì onísípíríìnì, mo rán ìrọ̀rí, mo fi ọwọ́ ara mi kọ ILÉ ÌSINMI sára pátákó, mo kọ ọ́ lédè òyìnbó sí abẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé mo kàwé. Kò pẹ́ tí òkìkí ilé náà fi kàn. Ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná rárá, dírẹ́bà á ní ó ti gbóná, nítorí pé ó fẹ́ jẹ ẹ̀bà mi.

Nánà wá kú. A sunkún rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí ọdún iṣu pé, ọkọ mi wọ agbádá, ó gbé ìgò ọtí, ó lọ bá Kòfí, àkọ́bí ọkùnrin tí Nánà bí. Ta ni ìbá tún gbé e fún? Nínú ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, bí bàbá bá kú, ṣebí ọmọ ló ń jogún? Kòfí gba ọtí, ó rẹ́rìn-ín. Ní ọdún kejì, ó tún gbà á, ó tún rẹ́rìn-ín.

Láàárín ìgbà náà, ọkùnrin kan máa ń wá dúró síwájú ilé wa. Yàó ni orúkọ rẹ̀. Aṣọ ara rẹ̀ ti gbó, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó kàn máa ń wo ilé láti òkè délẹ̀. A mọ̀ pé ọmọ àbúrò Nánà tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ni, a ò bìkítà. Lọ́jọ́ kan, ó wọ àgbàlá, ó ya ẹnu fẹ́ sọ̀rọ̀. Èdè wọn tí mo gbọ́ nígbà yẹn kò ju ti ọjà lọ. Mo rò pé iṣẹ́ ló ń wá. Mo gbé ọkọ́ lé e lọ́wọ́, mo nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, mo ní kí ó yára kí oòrùn tó mú. Ó wo ọkọ́, ó wò mí. Ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó roko náà mọ́ nigínnigín. Mo gbé ẹ̀bà fún un lẹ́yìn ilé ìdáná, ó jẹ ẹ́, ó sì lọ. Mo tiẹ̀ sọ fún ọkọ mi pé ọkùnrin náà mọ iṣẹ́ ṣe.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí ìránṣẹ́ ìjòyè ìlú náà fi dé pẹ̀lú ọ̀pá. Ó gbá ọ̀pá náà mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa. Ó ní ẹbí onílẹ̀ sọ pé a ò gbọ́dọ̀ gba àlejò kankan mọ́, bí oṣù bá sì ti lé, kí a kó ẹrù wa. Ọkọ mi bi í pé ta ló rán an. Ó ní Yàó ni.

Ẹ̀yin ará, gbogbo ohun tí a ní láyé ló wà nínú yàrá mẹ́jọ yẹn. Ọkọ mi kò lè jẹun. Èmi gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, mo kọ̀wé sí ìjọ níbí, ẹ sì gbàdúrà, mo mọ̀ pé ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ irú àdúrà tí èmi gbà. Mo kó àwọn Sáàmù tí a fi ń lé ọ̀tá jọ, mo gbé orúkọ Yàó sí gbogbo wọn. Mo ní kí Ọlọ́run ká a kúrò lórí ilẹ̀ náà pátápátá.

Tíṣà kan wà nínú ilé wa, onígbàgbọ́, ọmọ ilẹ̀ náà. Ó ti dé kí òfin tó dé, ẹsẹ̀ ló ń dùn ún tí kò tíì lè lọ. Èdè òyìnbó ni àwa méjèèjì jọ ń sọ. Ní ọjọ́ kẹta ààwẹ̀ mi, mo ní kí ó bá mi fohùn sí àdúrà náà. Ó gbọ́ ọ dé ìdajì, ó la ojú.

Ó ní, “Ìyá, ẹ forí jì mí, mi ò lè ṣe àmín sí ìyẹn. Onílẹ̀ yín lẹ ní kí Ọlọ́run lé kúrò lórí ilẹ̀ rẹ̀.”

Ó wá jókòó, ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ iléèwé. Ní ọ̀dọ̀ wọn, ti ilé ìyá ni ọmọ ń jẹ́. Bí ọkùnrin bá kú, ọmọ tí arábìnrin rẹ̀ bí ló ń jogún ilẹ̀, kì í ṣe ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ bí. Kòfí kò ní nǹkan kan ṣe níbẹ̀. Yàó ló ni ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ìgò ọtí ló sì fẹ́ bá mi sọ lọ́jọ́ tí mo gbé ọkọ́ lé e lọ́wọ́. Ẹ wò mí o, ẹ wo ọmọ Ìsọlọ̀ tó kàwé. Onílẹ̀ wá wo ilẹ̀ rẹ̀, mo ní kí ó ro ó, mo wá fún un lóúnjẹ lẹ́yìn ilé ìdáná. A bi Kòfí léèrè lẹ́yìn náà pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni kò bi òun, òun rò pé à ń fi ọtí tu òun nínú nítorí ikú bàbá òun ni.

Mo bu omi mu, mo fi ìyókù ààwẹ̀ náà sílẹ̀. Àdúrà tó kù lẹ́nu mi ni pé, “Olúwa, dárí jì mí, kí o sì jẹ́ kí Yàó náà dárí jì mí.” A gbéra lọ sí ilé ìyá Yàó. Bí a ti wọlé, ọkọ mi na ara rẹ̀ sílẹ̀ gbalaja, ìdọ̀bálẹ̀ Ìsọlọ̀ gan-an. Wọn kì í dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n rò pé ó dákú ni, obìnrin kan sì sáré da omi lé e lórí. Bàbá Dúpẹ́, ẹ má bínú. Mo ní màá sọ ọ́.

Yàó kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí, ọkọ mi sì ń túmọ̀ fún mi, pé kí ló dé tí mo fi gbé ọkọ́ fún òun. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, irọ́ kankan kò wá sí mi lẹ́nu.

Mo ní, “Mo rò pé ebi ń pa yín ni, sà.”

Ó ní, “Ebi ń pa mí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kọ́ ni mo bá wá.”

Ó ní òun kò lè dá ọ̀rọ̀ náà parí, ẹnu ìyá òun ni gbogbo ẹbí ń wò. Ìyá náà, Àkósúà, ẹ̀gbọ́n Nánà obìnrin, jókòó sí kọ̀rọ̀ pẹ̀lú igbá áṣáà rẹ̀. Ó ní òun kì í dájọ́ ohun tí òun kò tíì rí. Òun ń bọ̀ wá sun oorun mẹ́ta nínú ilé náà, lẹ́yìn náà ni òun yóò sọ̀rọ̀.

Ó sì wá. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá, àti ìkòkò, àti adìẹ méjì. A fi í sí Yàrá Kìíní. Ó fọwọ́ tẹ bẹ́ẹ̀dì, bẹ́ẹ̀dì dún, ó ní òun kò lè sùn lórí ohun tó ń sọ̀rọ̀, ó tẹ́ ẹní. Ó ní ọbẹ̀ mi ta jù, ó ní ìrọ̀rí mi le. Láràárọ̀, á mú ọ̀pá, á rìn yí ilẹ̀ náà ká, á máa sọ fún ara rẹ̀ ibi tí òun àti àbúrò òun gbin igi kan sí nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé. Èmi ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ọ̀dọ́bìnrin tó ń wá ọkọ. Kò sọ rere, kò sọ burúkú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, òjò dé, òjò tó lágbára. Lọ́rì kan kú síwájú ilé wa. Èrò sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sáré wá sẹ́nu ọ̀nà, obìnrin mẹ́ta láàárín wọn pọn ọmọ, ọmọ ọ̀kan kò tíì pé oṣù kan. Òfin ìjòyè ṣì wà lórí wa. Ọkọ mi na apá méjèèjì di ẹnu ọ̀nà, ó ń ṣàlàyé fún wọn, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá òjò ni. Èmi dúró lẹ́yìn rẹ̀. Tí a bá gbà wọ́n, a ti rú òfin, ilé ti lọ. Tí a ò bá gbà wọ́n, kí la kọ́ ilé fún? Sáàmù kankan kò wá sí mi lọ́kàn. Mo ní, “Olúwa, wò ó.” Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìlẹ̀kùn Yàrá Kìíní ṣí. Ìyá àgbà jáde, ìró ní àyà, ọ̀pá lọ́wọ́.

Ó ní, “Ta ló fi àlejò sínú òjò lórí ilẹ̀ mi?”

Ọkọ mi ní ẹbí ló ní kí a má gba ẹnikẹ́ni.

Ó ní, “Èmi ni ẹbí.”

Ó fi ọ̀pá ti ọkọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́. Fúnra rẹ̀ ló pín èrò náà sí yàrá, ó tẹ́ ìyá ọmọ tuntun sórí bẹ́ẹ̀dì Yàrá Kìíní, ó wá wọ ilé ìdáná mi lọ, ó ṣí ìkòkò mi. Nígbà tí Yàó fi máa dé láti wá gbọ́ ìdájọ́, ìyá rẹ̀ ló bá tó ń bu ọbẹ̀ fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ, tó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú, obìnrin Èkó ló sè é. Yàó wò ó, ó wò mí. Ó fi àdá ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó jáde lọ bá wọn ti lọ́rì nínú òjò. Ẹnikẹ́ni kò dá ẹjọ́ kankan mọ́ títí di òní.

Oorun mẹ́ta ni ìyá yẹn ní òun máa sùn. Ọdún kejì rèé, Yàrá Kìíní ṣì ni ó wà. Èmi ní kí Ọlọ́run bá mi lé onílẹ̀ lọ, Ọlọ́run gbé onílẹ̀ wọlé tọ̀ mí wá, àti ìkòkò rẹ̀, àti adìẹ rẹ̀. Ìyẹn ni ìdáhùn tó fún mi, ó sì dára ju ohun tí mo béèrè lọ. Ẹ ti ń bi mí láti àná, láti ìgbà tí a ti sọ̀ kalẹ̀ ní Òṣòdì, pé ta la fi ilé sílẹ̀ fún tí a fi ráyè wá síbi ìkórè. Òun náà ni. Ó wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ó ń gba àlejò, ó sì ń sọ fún wọn pé ọbẹ̀ tòun kì í ta.

Ọlọ́run ló ni ọpẹ́, òun nìkan ló ni ín. Ẹni tí inú rẹ̀ bá dùn bá mi, kí ó bá mi gbé ẹsẹ̀ méjì níwájú pẹpẹ. Bàbá Dúpẹ́, ẹ dìde níbi òpó yẹn. Ẹ̀yin akọrin, ó yá, ẹ ṣí ìwé yín.