Fóònù Alhaja

Mo ń dúró de ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté Ìkòròdú nígbà tí mo gbọ́ tí Alhaja kan tó ń ta ẹja yíyan ń bá ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣe wẹ́bùsáìtì fún wọn wí.

"Mo ní kí o yọ fọ́tò ọkọ mi kúrò. A ti ṣe fídáù ogójì ọjọ́, àwọn oníbàárà ṣì ń pè pé ká gbé fóònù fún un. Wò ó, òun náà nìyí!"

"Mo ti yọ ọ́ láti ọjọ́ Jímọ̀, mà. Ẹ wo fóònù tèmi, ẹja nìkan ló kù níbẹ̀. Fóònù yín ló fi ti àtijọ́ pamọ́, kó lè máa tètè ṣí i fún yín. Ẹ mú un wá, kí n pa á rẹ́."

Alhaja na fóònù sí i, wọ́n tún fà á padà.

"Tí o bá pa á rẹ́, ṣé mo ṣì lè rí i níbẹ̀?"

"Rárá, mà."

Wọ́n fi etí ìborùn nu ojú fóònù náà.

"Fi í sílẹ̀. Gbogbo Ìbéṣè ló ti gbọ́ pé ó kú. Fóònù mi nìkan ni kò tíì gbọ́. Jọ̀ọ́, má sọ fún un."