Èèpo Ẹ̀gẹ́ Tó Di Sìmẹ́ǹtì

Èèpo ẹ̀gẹ́ tó yẹ kí àgbò Iléyá jẹ ti di eérú nínú sìmẹ́ǹtì ní Ọ̀fà. Inú kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Poli ni mo ti gbọ́ ọ láàárọ̀ àná, lẹ́nu ìyá onígààrí kan àti akẹ́kọ̀ọ́ tó kó èèpo náà.

"Mummy, ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹni tó bá gbálẹ̀ ìdí ẹ̀rọ gààrí ló ni èèpo. Mo sì gbá a."

"Mo rò pé o lẹ́ran nílé ni. Ta ló ń sun oúnjẹ ẹran níná?"

"Eérú rẹ̀ la pò mọ́ sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù nínú kànga epo rọ̀bì, kí sìmẹ́ǹtì náà má baà sán."

"Ibo ni epo rọ̀bì wà ní Ọ̀fà?"

"Kò sí níbí, mà. Ọ̀nà jíjìn ni."

"Èèpo mi ń lọ sọ́nà jíjìn, àgbò mi ń jẹ páálí."

Akẹ́kọ̀ọ́ náà rẹ́rìn-ín. Ìyá ò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ọmọ Poli, ẹ má wá kó páálí náà o."

Mo tẹ̀ lé wọn dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ ìwádìí náà ní Poli. Ó ní lọ́jọ́bọ̀ ni wọ́n máa fi ẹ̀rọ tẹ sìmẹ́ǹtì náà wò. Bó bá le, wọ́n á nílò èèpo sí i. Bó bá fọ́, wọ́n á sun òmíràn.