Àpá Áyọ́ọ̀nù Tí Mo Gbé Lé Màmá Látìn Lọ́rùn

Ìwọ tí o ń ka ọ̀rọ̀ yìí, bí o bá ní ọmọ nílé ìwé, ṣọ́ ẹnu rẹ. Ọ̀rọ̀ tó bá ti bọ́ lẹ́nu, kò ṣeé gbé mì mọ́. Èmi alágbàfọ̀ ẹ̀yìn ilé ìwé, tí ẹ̀yin òbí ń gbé aṣọ wá fún, ni mò ń kọ ọ́ sí yín. Ìwé tí mo kà ò pọ̀. Àmọ́ òtítọ́ gbọ́dọ̀ jáde, torí ẹni tí mo ṣẹ̀ wà lórí ibùsùn, èémí rẹ̀ ò sì gùn mọ́.

Gbogbo yín lẹ mọ Màmá Látìn, olùkọ́ àgbà tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní èdè tí ẹnikẹ́ni kì í fi í ra iyọ̀ mọ́. "Látìn kẹ̀? Ta ni wọ́n fẹ́ fi kí?" Bẹ́ẹ̀ la máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi, èmi ni mo sì máa ń rẹ́rìn-ín jù. Ọmọ mi obìnrin kì í rẹ́rìn-ín sí i. Láti kékeré ló ti máa ń jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí mo bá ń lọ aṣọ, tí yóò máa rojọ́ fún mi. Ìgbà tí Látìn dé, ọ̀dọ̀ Màmá ló ń rojọ́ lọ. Wọ́n á jọ ka gbólóhùn kan, àwọn méjèèjì á bú sẹ́rìn-ín. Mo bi í pé kí ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màámi, bí mo bá sọ ọ́ fún yín, kò ní pa yín lẹ́rìn-ín." Kò fi rí mi fín o, ọmọdé ni. Àmọ́ ó gún mi. Owú ni, ẹ jẹ́ n pè é lórúkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan mo ń fi ìbínú lọ aṣọ, áyọ́ọ̀nù yọ̀ lọ́wọ́ mi, ó sì jó ọmọ mi lápá níbi tó dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Èmi ni. Ọwọ́ mi ni. Lọ́jọ́ kejì mo fà á lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé, mo ní Màmá Látìn ló fi kẹ́tùlù gbígbóná jó o torí pé ọmọ náà kò mọ iṣẹ́ tó fún un.

Wọ́n pe Màmá. Kò pariwo. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ fara balẹ̀. Ohun tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ náà nìyẹn: kí wọ́n yẹ gbogbo ọ̀rọ̀ wò, kí wọ́n tó ní àwọn mọ ohun tó wí." Ọ̀gá ní, "Màmá, ayé kọ̀ǹpútà la wà. Látìn yín gan-an, kí ló wúlò fún?" Ó ti ń wá ọ̀nà tẹ́lẹ̀ àtigba yàrá tí Màmá fi ń kọ́ Látìn, kó lè kó kọ̀ǹpútà síbẹ̀. Màmá kọjú sí ọmọ mi. "Ọmọ mi, ta ló jó ọ?"

Ibí ni mo ti burú jù. Mo tẹ ẹsẹ̀ ọmọ náà mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Mo tẹ̀ ẹ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀gá ní, "Ẹ ò rí i? Ẹ̀rù yín ló ń bà á." Màmá mú gíláàsì ojú rẹ̀, ó lọ. Wọ́n pa Látìn rẹ́.

Mo rò pé ọmọ mi á padà sórí àpótí. Ó padà lóòótọ́, ó ń bá mi ká aṣọ. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." "Rárá, mà." Ó tán. Ọmọ tó máa ń bèèrè ìdí gbogbo ọ̀rọ̀ ti di ẹni tó ń gba ohunkóhun tí wọ́n bá sọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń bèèrè èrè Látìn, ìgbà tí mo pa á ni mo tó rí i.

Lánàá mo lọ bá Màmá ní ọsibítù, mo jẹ́wọ́. Ó ní, "Mo mọ̀. Ìgbà tí mo rí àpá yẹn ni mo ti mọ̀ pé imú áyọ́ọ̀nù ló ṣe é." Mo ní, "Ẹ dárí jì mí, mà." Ó ní, "Ta lẹ ti sọ fún?" Mo ní kò tíì sí. Ó ní, "Ẹ ò ba orúkọ mi jẹ́ níbí. Ẹ lọ tún un ṣe níbi tẹ́ ẹ ti bà á jẹ́. Kẹ́ ẹ sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ọmọ yẹn."

Mo ní n ó kọ ọ́, n ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu géètì ilé ìwé. "Àmọ́ ẹ sọ pé ẹ ti dárí jì mí kí n tó lọ, mà. Ọ̀rọ̀ kan péré."

Ó wò mí, ó yíjú sí ògiri. Mo dúró títí nọ́ọ̀sì fi ní kí n jáde. Mo jáde láìrí ọ̀rọ̀ kan náà gbà, mo sì wá kọ èyí tí ẹ ń kà lẹ́nu géètì yìí.