Àwọ̀ Ara Màmá Kò Sí Nínú Kámẹ́rà

Ẹ má tẹ́ ẹní yẹn síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká a padà ná, mi ò tíì gbà á, torí bí bàbá mi bá wọlé báyìí tó bá ẹní ẹ̀bẹ̀ nílẹ̀, á rò pé ìjà ti parí, ìjà ò sì tíì bẹ̀rẹ̀! Ẹ jókòó. Ẹ fẹ̀yìn ti òpó. Mo mọ̀ pé ìgbì òkun ti gbò yín láti erékùṣù Savai'i, mo sì mọ bí pákó ìjókòó bọ́ọ̀sì Lefaga ṣe ń ṣe ènìyàn nídìí. Omi àgbọn rèé. Ẹ mu ún. Pé inú ń bí mi ò ní kí n má fún àlejò lómi.

Àbúrò yín ló rán yín, ẹ má sẹ́ ẹ. Pesamino, ọkọ mi, onífọ́tò tí gbogbo Apia ń pariwo rẹ̀, ẹni tó gba ẹ̀bùn ní Auckland, kò lè gun bọ́ọ̀sì wá bá Valasi ìyàwó rẹ̀ nílé bàbá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló rán. Ó mọ ohun tó ń ṣe! Ó mọ̀ pé ta ni mo jẹ́ tí n ó fi ẹ̀yin Fuatino, àkọ́bí Màmá tó bí ọkọ mi, sórí ìdúró? Ó dáa náà. Ẹ ti jókòó. Ẹ ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ lónìí, torí láti ọjọ́ tí mo ti di ìyàwó ilé yín, èmi ni mo ń gbọ́, ẹ̀yin ni ẹ ń sọ.

Ẹ tún un sọ, kí ni ẹ ní ó ṣe fọ́tò Màmá? Ó dà bí eérú? Ètè rẹ̀ dúdú bíi tẹni tí wọ́n yọ nínú omi? Yéè! Màmá tí ara rẹ̀ ń dán bíi hóró kòkó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yan, òun ni ẹ fẹ́ lẹ̀ mọ́ ibojì níwájú ilé pẹ̀lú ojú eérú, kí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ máa bá a pàdé láràárọ̀ bí wọ́n bá ń lọ síléèwé. Ẹ wá ń bi mí pé kí ló dé. Èmi kẹ̀? Ẹ lọ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe! Ṣebí ó ní ojú òun ni, ṣebí Ọlọ́run ló dá a mọ́ ọn!

Rárá, ẹ má dá mi lẹ́kun, ẹ jẹ́ kó jáde.

Nígbà tí mo dé ilé yín, Pesamino ti ń ya fọ́tò, mi ò sì ní purọ́ mọ́ ọn, ó mọ̀ ọ́n yà. Ó mọ ìṣẹ́jú tí ọmọdé fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó mọ ibi tí arúgbó máa ń wò nígbà tó bá rántí nǹkan. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ńkọ́? Ẹ ò rántí? Àwọn ìyàwó pupa bí akàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ̀, àwọn ọkọ wọn ràndánràndán bí ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀, aṣọ ìsìn funfun á di búlúù nítorí fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì, aṣọ èèpo igi tí ìyá àgbà fi oṣù kan lù tó sì kun, á jáde bíi ti ẹrẹ̀! Ọjọ́ tó ya Màmá, tó tẹ̀ ẹ́ jáde, tó gbé e fún un, Màmá wò ó, ó nà án jìnnà, ó tún fà á mọ́ra, ó ní, "Ta ni aláìsàn yìí?" Pesamino ní, "Màmá, ẹ̀yin ni, bí kámẹ́rà ṣe rí yín nìyẹn." Màmá ní, "Kámẹ́rà rẹ fọ́jú, gbé e lọ sí ọsibítù." Èmi ni mo ń gbálẹ̀ lọ́wọ́ níbẹ̀. Pesamino fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀rín, ó jáde lọ. Èmi ò lè fi ṣẹ̀rín. Ó wọ̀ mí lára.

Àfi ìgbà tí mo jókòó tì í ni mo tó mọ̀ pé nǹkan tó ń ti inú kámẹ́rà jáde kì í ṣe fọ́tò rárá. Nǹkan tútù ni, bí iṣu tí wọn ò tíì sè, ó ṣú, ó sì ní àwọ̀ ewé bí omi tó dúró sójú kan, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó kó sọ fún kọ̀ǹpútà pé pupa rèé, ara ènìyàn rèé, funfun rèé. Bí ẹ ò bá sọ tiyín fún un, tàwọn tó ṣe kámẹ́rà ló máa lò, ara tiwọn lọ́hùn-ún ni wọ́n sì fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ara Màmá! Ni mo bá rán ẹ̀gbọ́n mi tó ń ká èso ápù ní Hastings lókè òkun níṣẹ́, ó bá mi ra páálí kan tí wọ́n kun àwọ̀ lóríṣiríṣi sí bí ojú dráàfù, gbogbo ayé ló mọ bó ṣe yẹ kí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ rí. N ó ya páálí yẹn, n ó wo ibi tí kámẹ́rà ti purọ́, n ó tún irọ́ rẹ̀ ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo yà á nínú oòrùn, mo yà á lábẹ́ òjò, mo yà á lábẹ́ òrùlé tí ò ní ògiri, mo yà á nínú ṣọ́ọ̀ṣì níbi tí fèrèsé búlúù yẹn wà. Ta ló sì ń bá mi gbé e mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́? Ṣé Pesamino ni? Màmá ni! Pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún. Á jókòó, á gbé páálí mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, á ní, "Valasi, ṣé mo ti jiná?" N ó ní, "Ó kù díẹ̀, Màmá."

Ọjọ́ tó jiná, mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo gbé e fún un. Ó fi ìka kan ojú ara rẹ̀ lórí páálí fọ́tò, ó wá fi ìka kan náà kan apá rẹ̀. Ó ní, "Èmi rèé." Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, owó kankan ò tó bẹ́ẹ̀.

Ìwọ̀n àwọ̀ tí mo ṣe nìyẹn, tó ń gbé inú kọ̀ǹpútà, tó jẹ́ pé gbogbo fọ́tò tí Pesamino bá yà, ibẹ̀ ló ń gbà kọjá kó tó di ènìyàn. Ìgbà yẹn ni àwọn ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í tò sẹ́nu ọ̀nà wa. Àbí ẹ rò pé kí ni wọ́n ń wá? Ṣé irùngbọ̀n àbúrò yín ni?

Ó wá lọ sí Auckland. Ẹ gbọ́ bó ṣe lọ o, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, ẹ bá a di àpótí. Èmi dúró ti Màmá, torí ó ti ń rẹ̀ ẹ́. Èmi àti òun la jọ ń wò ó lórí fóònù, ó wọ aṣọ tí mo lọ̀, ó gun orí pèpéle, obìnrin kan ní, "Báwo lẹ ṣe ń rí àwọ̀ ara àwọn ènìyàn yín tó dáa tó báyìí?" Ó ní, "Bí Ọlọ́run ṣe dá ojú mi nìyẹn." Ó dáa, mo gbé ìyẹn mì. Obìnrin náà ní ṣé kò sẹ́ni tó ń ràn án lọ́wọ́? Ó ní, "Ìyàwó mi máa ń bá mi tan kọ̀ǹpútà."

Tan!

Ẹ gbọ́ mi? Tan! Bí ẹni tó ń tan iná! Màmá já fóònù gbà lọ́wọ́ mi, ó dà á dojú bolẹ̀ lórí ẹní. Ó ní, "Irọ́ ló ń pa. Bó bá dé, n ó sọ fún un." Ṣé ó wá sọ fún un? Ara dá a láyè? Kò tíì tán síbẹ̀ o, kó tó padà wálé, ó ti gbé ìwọ̀n àwọ̀ mi, èyí tí mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màmá ṣe, ó fi ta ilé onífọ́tò kan lọ́rẹ lọ́hùn-ún, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n ń pè é ní Àwọ̀ Pesamino. Mo fi Ọlọ́run búra, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo kà á kí n tó gbà á gbọ́!

Ó wá padà dé tòun ti kámẹ́rà tuntun. Ó ya Màmá lórí ẹní níwájú ilé, Màmá wọ aṣọ funfun, ó fi òdòdó sétí. Kò pẹ́ sí i ni Màmá kú. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́. Ẹ rí mi, ẹ̀yin lẹ ń da omi.

Lẹ́yìn ìsìnkú, lọ́jọ́ Sunday, gbogbo wa jókòó sídìí oúnjẹ, Pásítọ̀ wà níbẹ̀, ó bojú wò mí níbi tí mo ti ń fẹ́ eṣinṣin kúrò lórí abọ́, ó ní, "Valasi, ẹ kú iṣẹ́, mo gbọ́ pé ẹ ń ran ọkọ yín lọ́wọ́." Jẹ́jẹ́ ni mo dáhùn. Mo ní, "Pásítọ̀, èmi ni mo ṣe àwọ̀ àwọn fọ́tò náà." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ? Pesamino, tòun ti kókò lẹ́nu, ó ní, "Ẹ gbà á gbọ́ o, Pásítọ̀! Ìyàwó mi ló ṣe àwọ̀, òun náà ló kun òṣùmàrè!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà, Fuatino. Ẹ má wo ilẹ̀, ojú mi ni kí ẹ wò. Ẹ rẹ́rìn-ín títí ẹ fi ń lu itan, títí omi àgbọn fi gba imú yín jáde, ẹ ní, "Àwọn ìyàwó ayé òde òní!" Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá Màmá níbẹ̀ pẹ̀lú páálí lẹ́rẹ̀kẹ́! Ẹ fi ojú ara yín rí i! Pesamino purọ́, mo mọ̀, ọkùnrin tó gba ẹ̀bùn ni, ó ń gùn ún. Ẹ̀yin ńkọ́, kí ló gùn yín? Ẹ̀rín yẹn ló lé mi jáde, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tiẹ̀. Mo kó abọ́, mo fọ̀ wọ́n, mo gbé kọ̀ǹpútà tí ẹ̀gbọ́n mi rà fún mi, mo wọ ọkọ̀ ojú omi, mo sì wọ bọ́ọ̀sì wá sílé bàbá mi.

Kí ló dé tí kò lo èyí tó fi tọrẹ? Ṣé ó kọ̀wé sí wọn ní Auckland? Wọ́n fi ránṣẹ́ sí i? Tí Màmá sì di eérú? Ṣíọ̀! Ẹ ò mọ̀ pé irọ́ kámẹ́rà kan kì í ṣe irọ́ èkejì? Kámẹ́rà àtijọ́ ni mo wọ̀n. Tuntun yẹn, tirẹ̀ ọ̀tọ̀ ni, ẹnì kankan ò tíì bá a wí! Ojú tí Ọlọ́run dá mọ́ ọn dà? Kó fi ojú náà ṣe é!

Ẹ má sunkún. Ẹ jọ̀ọ́ o, mi ò pè yín wá sunkún. Ìyá yín ni, ìyá mi náà ni.

N ó ṣe ti Màmá. Ẹ gbọ́? Bí Pesamino wá, bí kò wá, n ó ṣe é, mi ò lè máa sùn kí Màmá wà níbẹ̀ bí ẹni tó bọ́ sómi. Kẹ́ ẹ fi kámẹ́rà tuntun yẹn ránṣẹ́, àti fọ́tò náà ní tútù bó ṣe yà á, kó má fọwọ́ kàn án mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mo ń bá wí báyìí. Ọ̀rọ̀ yín kì í bọ́ sílẹ̀ nílé yẹn, ẹ̀gbọ́n obìnrin ni yín, Pásítọ̀ gan-an máa ń dúró kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ tán. Lọ́jọ́ Sunday tó ń bọ̀, bí wọ́n bá gbàdúrà tán, tẹ́nikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kan oúnjẹ, ẹ ó dìde. Ẹ ó ní, "Valasi ló ṣe é, mo wà níbẹ̀, mo rí i." Pesamino á jókòó síbẹ̀, á gbọ́ ọ. Lẹ́yìn ìyẹn, kí òun fúnra rẹ̀ wá gun bọ́ọ̀sì.

Ẹ gbà? Ẹ là á lẹ́nu, ẹ má mi orí sí mi.

Ẹ̀hẹ́n.

Kí ni? Ìgbéyàwó wo? Ọmọ olóyè ìlú Safotu? Òun náà ló fi kámẹ́rà tuntun yà á? Ó dá a ṣe, ó sì gbé e fún wọn bẹ́ẹ̀? Ẹ ní àwọ̀ kí ni? Ewé? Ìyàwó náà? Ìyá ìyàwó ńkọ́? Pásítọ̀ náà? Títí kan eyín? Hà! Háà, hà hà hà! Pásítọ̀ aláwọ̀ ewé! Ẹ sọ pé wọ́n ti gbé e kọ́ ságbàlá… Yéè, ẹ̀gbẹ́ mi o! Ẹ dákẹ́, ẹ máà mú mi rẹ́rìn-ín, inú ń bí mi! Inú ṣì ń bí mi, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ẹ má wò ó pé mò ń rẹ́rìn-ín. Sunday ni o!