Omi Àlùwàlá

Níbi tí a ti ń dúró de ọkọ̀ ojú omi ní Banjul, bàbá kan tó ń kiri aṣọ ń bá obìnrin tó jókòó tì í sọ̀rọ̀.

“Jẹjẹrẹ ti wà nílé ìtọ̀ mi. Dókítà ní kòkòrò tó wọ̀ mí lára nínú omi oko ìrẹsì ló bí i.”

“Ṣé ẹ máa ń wẹ̀ níbẹ̀ ni, bàbá?”

“Àlùwàlá ni. Ogún ọdún.”

“Ẹ ò rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ yín?”

“Mo rí i. Gbogbo ọkùnrin abúlé tí mo ti ń dáko nígbà yẹn ló ń tọ ẹ̀jẹ̀, mo ṣe bí iṣẹ́ oko ló fà á.”

Obìnrin náà bá a gbé ẹrù aṣọ rẹ̀ sílẹ̀.

“Omi tí mo fi ń wẹra mọ́ fún Ọlọ́run ni,” bàbá wí. “Etí omi yẹn náà ni mo ti kọ́ àwọn ọmọ mi láti ṣe àlùwàlá.”