Èmi Ni Mo Ní Kó Sún Sẹ́yìn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ béèrè orúkọ mi. Houston níbí ni mò ń gbé. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ sínú. Ohun tí mo ṣe ní Sátidé tó kọjá ló jẹ́ kí n mọ̀ pé n kò lè gbé e mọ́.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Ganíyù. Ilé iṣẹ́ ìfọpo kan náà la jọ wà ní Deer Park nígbà náà. Ganíyù fẹ́ràn ìtàn ayé àtijọ́ ju oúnjẹ lọ. Nígbà tí a gba ìsinmi, òun ló ní ká lọ sí Hungary, ká lọ wo àlàpà ààfin àwọn ọba ayé ọjọ́un, àti ilé olódi wọn tó wà lórí òkè.

Ìsàlẹ̀ òkè ni ààfin wà. Ganíyù ń ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, ó ń fọwọ́ pa ògiri bí ẹni tó ń kí bàbá rẹ̀. Ó ti sú mi. Èmi, fọ́tò tí màá fi ránṣẹ́ sílé ni mo bá lọ.

Nígbà tí a gòkè dé ilé olódi, wọ́n ta okùn síwájú ògiri kan tó ti ń wó. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má kọjá. Ibẹ̀ gan-an ni odò tó ń ṣàn nísàlẹ̀ òkè ti hàn jù. Mo ní kí Ganíyù lọ dúró níbẹ̀, kí n ká fídíò rẹ̀.

Ó ní, "Wọ́n mà ní ká má kọjá."

Mo rẹ́rìn-ín. "Ọkùnrin bíi tìẹ, okùn lò ń bẹ̀rù?"

Ó kọjá. Mo ní, "Sún sẹ́yìn díẹ̀, odò ò tíì hàn." Ó sún. Mo tún ní, "Díẹ̀ sí i." Òkúta tó tẹ̀ yẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mi ò rí i mọ́.

Kò kú. Ṣùgbọ́n eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́, ó sì fi orí gbá òkúta. Nígbà tó lajú ní ọsibítù, kò rántí ohunkóhun nípa ọjọ́ náà. Ó bi mí pé, "Kí ló ṣe mí?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù ló bà mí. Mo ti sọ fún ọlọ́pàá pé òun fúnra rẹ̀ ló kọjá okùn. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù. Mo ti pa fídíò náà rẹ́, nítorí ohùn mi wà nínú rẹ̀. Mo wá wo ojú rẹ̀, mo ní, "O kọjá okùn. Mo pè ọ́ títí pé kí o padà, o ò dá mi lóhùn."

Ó sì bẹ̀ mí. Ó ní kí n má bínú, pé òun ba ìsinmi mi jẹ́.

Láti ìgbà náà, kẹ̀kẹ́ arọ ni Ganíyù ń jókòó sí. Wọ́n ta ilé wọn ní Sugar Land, wọ́n kó lọ sí apartment kan ní Brays Oaks. Ibi méjì ni ìyàwó rẹ̀ ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Bó bá ti rẹ̀ ẹ́, á ní, "Agídí yín ló gbé wa débí." Ganíyù á máa bẹ̀ ẹ́. Ipò ọ̀gá tí wọ́n fẹ́ fún un níbi iṣẹ́, èmi ni wọ́n fún. Mo máa ń gbé èso lọ kí wọn, ìyàwó rẹ̀ á sì máa ṣàdúà fún mi pé ọ̀rẹ́ bíi tèmi ṣọ̀wọ́n.

Sátidé tó kọjá, mo wà nílé wọn nígbà tí Ganíyù ní òun fẹ́ dá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí mọ́sálásí. Ìyàwó rẹ̀ kígbe. "Bọ̀dá, ẹ bá mi bá wọn wí! Ẹ̀yin náà ṣáà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn!" Ọmọbìnrin wọn, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, jókòó, ó ń wò mí.

Mo lanu, mo bá a wí. Mo ní, "Ganíyù, agídí yìí náà ló sọ ọ́ di arọ. Ṣé o ò ní kọ́gbọ́n ni?"

Ó tẹrí ba. Ó ní, "Òótọ́ lo sọ. Ẹ má bínú." Ọmọ rẹ̀ dìde, ó fi èdè òyìnbó sọ pé ojú bàbá òun ń ti òun, ó sì wọ yàrá lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá sọ ọ́, ìyàwó rẹ̀ á mọ̀ pé ọdún mẹ́fà ni òun fi ń bú ọkùnrin tí kò ṣẹ̀. Ta ni kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún? Ṣé Ganíyù ni, àbí ìyàwó rẹ̀, àbí ọmọ yẹn? Ohun tó bá wù yín ni kí ẹ sọ sí mi, kí ẹ ṣáà má sọ pé kí n dákẹ́. Dídákẹ́ ni mo ti mọ̀ ọ́n ṣe.